Oúnjẹ ará ìlú ti ń yí padà: Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ ní Òṣogbo àti Iléṣà, kí lẹ ń kó sísọ̀?

Àwọn àgbà ló ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Tó bá jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà lẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ tán tí yóò fi gbà pé òótọ́ ni, nítorí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Ìjẹ̀ṣà àti iyán. Àmọ́ ẹ lọ sí àdúgbò tó bá wù yín nílùú Iléṣà tàbí Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ilé mélòó lẹ ó ti gbọ́ ìró odó? Ọmọ tó ń sáré lọ ra Indomie méjì àti ẹyin kan lẹ ó rí, ìyàwó ilé tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, àti òṣìṣẹ́ tó ní kí ọlọ́kadà dúró díẹ̀ kí òun ra mọ́ínmọ́ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹni tó ń fi oúnjẹ ṣòwò. Oníbàárà kì í kọ lẹ́tà wá pé òun kò jẹ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà mọ́. Yóò kàn dúró níwájú ìsọ̀ ni, yóò ní, "Ìyá, ẹ ò ní sẹ̀mó kékeré?" Ẹ ó ní, "A ò ní in, ọmọ mi." Yóò ní, "Ó dáa, mà," yóò sì kọjá síwájú. Lọ́jọ́ kejì, kò ní yà mọ́. Ọjà tẹ́ ẹ kó sílẹ̀ yóò máa jẹ kòkòrò, owó tẹ́ ẹ fi rà á yóò há síbẹ̀, ẹ ó sì máa sọ pé ọjà kò tà. Ọjà ń tà o. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà nìkan ni wọn kò rà mọ́.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa tòní fi dá lórí bí oúnjẹ àwọn ará ìlú ṣe ń yí padà, ohun tó ń fà á, àti ọgbọ́n tí oníṣòwò kékeré lè fi gbé owó rẹ̀ sápá ibi tí ẹnu àwọn èèyàn ń lọ.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Wọ́n ti rí irú nǹkan yìí kedere nílẹ̀ Éṣíà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìrẹsì ni oúnjẹ àwọn ará Jápáànù. Lọ́dún 1962, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ nǹkan bíi kílò 118 ìrẹsì lọ́dún. Láti ìgbà náà ló ti ń dínkù, ó sì ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi ìdajì báyìí. Ní Kòríà ti Gúúsù, kílò 136 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lọ́dún 1970. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, ó ti di kílò 56. Ẹ má ṣe rò pé ìyàn ló mú. Owó ló wọlé fún wọn, àwọn obìnrin lọ síbi iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́ ńlá, ilé tí èèyàn méje máa ń gbé tẹ́lẹ̀ di ti èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, fíríìjì wọ inú ilé, ni búrẹ́dì, ẹran, wàrà àti oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe tán bá gba àyè ìrẹsì.

Ibẹ̀ náà ni Indomie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá. Momofuku Ando, oníṣòwò kan ní Jápáànù, ló kọ́kọ́ ṣe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1958, èyí tí wọ́n ti dín kó tó wọ inú ọ̀rá, tó jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ló kù. Ìgbà tó di ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ Tolaram bẹ̀rẹ̀ sí í kó Indomie wọ Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé ta ni yóò jẹ nǹkan tó dà bí aràn. Àwọn ọmọ wọn ló dáhùn.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ernst Engel, sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́dún 1857 tí kò tíì yẹ̀ dòní. Ó ní bí ìdílé bá ṣe tálákà tó ni oúnjẹ yóò ṣe máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ní Jápáànù, nínú 100 tí ìdílé bá ná, èyí tó ń bá oúnjẹ lọ kò tó 30. Ní Nàìjíríà ńkọ́? NBS, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, wádìí rẹ̀ lọ́dún 2019. Wọ́n rí i pé nínú náírà 100 tí àwọn ìdílé ná, náírà 56 àti àbọ̀ ló lọ sórí oúnjẹ. Èyí tó sì gba owó jù lọ nínú gbogbo oúnjẹ náà kì í ṣe ìrẹsì tàbí iṣu. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ níta ni, ní búkà, lẹ́bàá ọ̀nà àti lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kókó ẹ̀kọ́ yìí wà. Ará Éṣíà yí oúnjẹ rẹ̀ padà nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa yí padà nítorí pé àyè kò sí, iná kò sí, owó sì ń wọlé ní díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wo Tókíò kó tó kó ọjà sí Iléṣà yóò ṣìṣe. Irú oúnjẹ kan náà lè tà níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá ńlá tó dára ni wọn yóò ti rà á lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ tiwa nínú ọ̀rá kékeré tí owó ọwọ́ ká.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Kò sẹ́ni tó yẹ kó sọ pé òní ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, láti ìgbà náà sì ni ọjà òkèèrè ti ń bá a wọlé. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà lọ́dún 1913, ló sọ búrẹ́dì ṣíṣe di òwò ńlá ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1920 sókè. Títí dòní, a kò tíì kọ búrẹ́dì náà sílẹ̀.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ìjọba sì fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láàárín ọdún 1974 sí 1975, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Údọ̀jì, ìrẹsì tó jẹ́ oúnjẹ ọdún Kérésì àti Iléyá tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ Sátidé lásán. Lọ́dún 1987, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, búrẹ́dì sì di góòlù. Lọ́dún 1992, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà, búrẹ́dì tún padà sórí tábìlì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè, wọn kò ṣí i padà àfi ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìrẹsì òkèèrè wọ́n, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì tí wọ́n gbìn nílẹ̀ yìí. Ẹ rí i pé òfin lè dá ọjà dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bá ti bá àyè àwọn èèyàn mu, wọn yóò tún wá a kàn.

Ní ti Òṣogbo, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ló yí i padà jù. Ó di ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún dé lọ́dún 2006. Ní Iléṣà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ti di Yunifásítì Iléṣà báyìí. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí, odó kì í pọ̀ níbẹ̀.

OHUN MẸ́RIN TÓ Ń YÍ OÚNJẸ PADÀ

Èkíní ni àyè. Kí èèyàn tó jẹ iyán, yóò bẹ iṣu, yóò sè é, yóò gún un, yóò tún se ọbẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọ méjì mẹ́ta ló wà nílé tí wọn yóò jọ gbé ọmọ odó. Lónìí, àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì, àwọn tó ń gbé yàrá òkè sì ń bẹ̀rù pé onílé yóò pariwo. Iyán kò kú o. Ó kàn kúrò ní ilé lọ sí búkà àti òde àríyá ni. Ẹni tó ń ta iyán gbígbóná lọ́sàn-án ní Iléṣà mọ̀ pé oníbàárà òun pọ̀ dáadáa. Àwọn tí kò lè lọ sí búkà ló ń ra pọ́ọ̀ǹdó.

Èkejì ni iná. Gáàsì wọ́n, kẹrosíìnì wọ́n, èédú pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ẹ̀wà tó ń gba wákàtí méjì lórí iná ti di oúnjẹ tí èèyàn ń ṣírò kó tó sè. Iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège kò jẹ́ kí fíríìjì wúlò, nítorí náà ìdílé kì í ra ẹja tàbí ata ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Èyí tí wọn yóò jẹ lónìí ni wọ́n ń rà.

Ẹ̀kẹta ni bí owó ṣe ń wọlé. Ọlọ́kadà, télọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń rí owó lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ń rí tirẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo nǹkan gbówó lérí. Ìṣirò NBS fi hàn pé oúnjẹ tí èèyàn ra ní náírà 100 ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti di náírà 140 àti díẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Kí ni ìdílé ṣe? Ẹni tó ń jẹ ẹran bọ́ sórí pọ̀nmọ́ àti ẹyin. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní àpò ń rà á ní kóńgò, ẹni tó ń rà á ní kóńgò ń rà á ní agolo, àwọn kan sì padà sórí gààrí.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ọmọ àti ìlera. Ọmọ ló ń yan ohun tí wọn yóò jẹ láàárọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí. Ní ti àwọn àgbà, dókítà ti sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àlìkámà. Ẹ tà á fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ó ń wo àìsàn sàn. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká gbàgbé. Nígbà tí ètò O'Meals bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 2012, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ tó ju 250,000 ló kúrò ní ìkòkò ìyá wọn bọ́ sí ìkòkò àwọn obìnrin bí 3,000 tó ń se é fún ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó tètè mọ̀ pé oníbàárà tuntun ti dé fún ẹyin, adìẹ àti ẹ̀wà ló jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ OWÓ OṢÙ KỌ́ WA

Láti oṣù keje ọdún 2015 títí di ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí owó oṣù san tán. Òṣìṣẹ́ ipele kìíní sí ìkeje ló gba owó rẹ̀ pé. Ipele ìkẹjọ sí ìkẹwàá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ipele ìkejìlá sókè gba ìdajì. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí fún ìsọ̀ kékeré kan l'Óṣogbo: àwọn ọ̀gá tí onísọ̀ gbọ́kàn lé pé wọn yóò ra àpò ìrẹsì, tó sì ń fi ọkàn balẹ̀ ta àwìn fún, àwọn gan-an ni owó wọn dínkù jù. Òṣìṣẹ́ kékeré tó ń ra agolo méjì pẹ̀lú owó ọwọ́ ló wá dúró déédéé.

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa àwìn. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé tí wọ́n bá ta aṣọ láwìn, tí ọjọ́ sì pé, wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Aṣọ ni wọ́n ń tà o. Aṣọ ṣì wà lára onígbèsè kó tó san tán. Oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ, ta ló fẹ́ lóṣòó tì í? Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwìn oúnjẹ kọjá èrè ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti wọ inú owó tẹ́ ẹ fi ń ra ọjà, ẹ dúró.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ gbogbo ohun tí oníbàárà béèrè tí ẹ kò ní. Ẹ má ṣe fi sórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí èèyàn mẹ́wàá bá béèrè láàárín oṣù kan ti tó ohun tí ẹ lè kó díẹ̀ wò.

2. Ẹ ka iye ìgbà tí owó ń yí po, kì í ṣe èrè orí ọjà nìkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó tí a ó lò kì í ṣe iye tí ọjà jẹ́ lónìí o, ká lè rí ìṣirò ṣe ni. Ó fi 50,000 náírà ra ẹ̀lùbọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi tà á tán, ó jèrè 8,000. Ó fi 50,000 mìíràn ra Indomie, ẹyin àti sẹ̀mó kékeré, ọ̀sẹ̀ kan ló fi tà á tán, èrè 3,000 péré. Lójú, ẹ̀lùbọ́ ló lérè. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni owó kejì yóò yí po láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ 12,000. Èyí kò ní kẹ́ ẹ da ẹ̀lùbọ́ nù. Ó ní kẹ́ ẹ mọ iye owó tó yẹ kó jókòó sínú rẹ̀.

3. Ẹ dín ọjà sí kékeré, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n ṣe é. Ká sọ pé jálá epo onílítà 25 jẹ́ 50,000 náírà. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú ìgò 33 tí ẹ sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1,700, ẹ ó rí 56,100, èrè 6,100. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú ọ̀rá, kí mẹ́wàá wọ lítà kan, ọ̀rá 250 ni yóò jẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ mẹ́wàá fún èyí tó dà nù, ó ku 240. Tẹ́ ẹ bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 250, ẹ ó rí 60,000. Ẹ yọ 1,500 owó ọ̀rá, èrè di 8,500. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ojú lásán ni ọmọ tó ń bá yín rọ epo fi ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń fi díẹ̀ kún un, débi pé lítà náà kò ju ọ̀rá mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ, ọ̀rá 208 péré ni ẹ ó rí. Owó rẹ̀ 52,000. Ẹ yọ owó ọ̀rá, èrè oṣù di 500 náírà. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé ayé ń ṣe àwọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, agolo ìwọ̀n ni wọn kò ní.

4. Ẹ ta àyè fún wọn. Iṣu tí ẹ ti bẹ, ata tí ẹ ti lọ̀, ẹ̀fọ́ tí ẹ ti rẹ́, ẹ̀wà tí ẹ ti bó fún mọ́ínmọ́ín: owó iṣẹ́ yín wà lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ́, kí ẹ sì tà á tán lọ́jọ́ náà. Ata tó bá kan, ẹ dà á nù. Oníbàárà kan tó ṣàìsàn yóò lé ogún lọ.

5. Ẹni tó bá fẹ́ di gààrí, pọ́ọ̀ǹdó tàbí ẹ̀lùbọ́ sínú ọ̀rá, tó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, tó sì fẹ́ kó o fún ìsọ̀ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà oníṣòwò mìíràn sára tiyín. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ nídìí rẹ̀.

6. Ẹ má ṣe kó gbogbo owó lọ sórí ohun tuntun lọ́jọ́ kan. Ẹ mú ìdá kan nínú márùn-ún owó ọjà yín, kí ẹ fi dán an wò fún oṣù méjì. Tó bá tà, ẹ fi kún un. Tí kò bá tà, ìdá mẹ́rin yòókù ṣì wà.

Ní ìparí, ẹ rántí pé ẹnu kì í gbàgbé ohun tó dùn mọ́ ọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yóò ṣì jẹ iyán, ará Òṣogbo yóò ṣì jẹ àmàlà. Ibi tí wọn yóò ti jẹ ẹ́, ìgbà tí wọn yóò jẹ ẹ́, ẹni tí yóò gún un fún wọn àti bó ṣe kéré tó nínú ọ̀rá ló ń yí padà. Onísọ̀ tó bá mọ nǹkan mẹ́rin yìí kò ní máa jókòó ti àpò ọjà tí kòkòrò ń jẹ.

Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀, ẹ ra ìwé kékeré yẹn. Ọlọ́run yóò fi èrè sí òwò wa o.